Màmá Àìná àti Láfún Orí Pápá Bàlúù

Kò sẹ́ni tó dàgbà ní Ìbà tí kò mọ ìtàn ọjọ́ tí láfún Màmá Àìná dá bàlúù dúró lójú sánmà. Ayé owó epo ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la pápá bàlúù kékeré kan sẹ́yìn ìlú, wọ́n sì da ọ̀dà bo ilẹ̀ tó jẹ́ oko Màmá tẹ́lẹ̀. Màmá rí i pé láfún ń tètè gbẹ lórí ọ̀dà, ló bá sá tirẹ̀ síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Akíntọ́lá, máníjà pápá, sáré jáde tòun ti táì lọ́rùn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó o. Àwọn èèyàn ńlá wà lókè."

"Sọ fún wọn kí wọ́n máa yí po, ọmọ mi. Òjò tó ń bọ̀ yìí ò mọ yíyí po."

Àfi kí máníjà bá a kó o. Nígbà tí àlejò fi máa sọ̀ kalẹ̀, Akíntọ́lá ti funfun látorí dé bàtà. Màmá ló bá a ṣàlàyé: "Ẹ má wo aṣọ rẹ̀, sà. Òṣìṣẹ́ gidi ni."

Ìgbìmọ̀ tó ń darí pápá rò pé báwọn bá fún Màmá ní àga láàárín wọn, ẹnu rẹ̀ á wọlẹ̀. Wọn ò mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ jókòó ló béèrè ibi tóun á máa sá láfún sí. Alága, Àlàájì Kàmọ́rù, ní kó gba ìwọ̀n ẹní kan.

"Ẹní kan? Ṣé mo ní mo fẹ́ sùn ni?"

Wọ́n ná an títí ilẹ̀ fi ṣú. Màmá gba gbogbo etí pápá lápá ìwọ̀ oòrùn. Àmọ́ alága fi kún un pé tí Màmá bá ti kú, ilẹ̀ di ti pápá. Ìyẹn dùn ún wọra, nítorí Ọmọ́táyọ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ò ní oko mìíràn.

Látìgbà náà, Màmá àti Akíntọ́lá ò sinmi asọ̀. Bí bàlúù bá fẹ́ eruku sí láfún, Màmá á ní kí awakọ̀ wá tọrọ gáfárà. Wọ́n sì ń wá.

Nígbà tí Màmá kú, Ọmọ́táyọ̀ lọ kó àpò láfún ìyá rẹ̀ kúrò ní pápá. Akíntọ́lá bá a níbẹ̀.

"Kí lẹ̀ ń kó?"

"Bí àdéhùn ṣe wí ni, sà. Màmá ò sí mọ́."

"Ẹ dá a padà. Ìgbìmọ̀ ti yí ìyẹn padà."

"Ìgbà wo ni wọ́n jókòó?"

"Èmi nìkan ni mo jókòó," ni Akíntọ́lá wí. "Ẹni tó ń bá mi jà níbí ti lọ, ọmọ Màmá. Mi ò lè máa wo ilẹ̀ náà lófìfo."

Ọmọ́táyọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún. Lẹ́yìn náà ó tú àpò, ó sá láfún.