Pèpéle Tí Bàbá Mi Ń Sá Kòkó Sí

Òórùn kòkó tútù kì í ṣe òórùn tí ẹnikẹ́ni máa rọ sínú ìgò kó fi ṣe lọ́fínńdà. Ó máa ń kan bí ẹmu tí wọ́n gbàgbé sí ìdí ọ̀pẹ, ó sì máa ń wọ aṣọ, ó ń wọ irun, ó ń bá èèyàn wọ mọ́tò dé Adó. Síbẹ̀, tí àwa tá a jọ jáde ní yunifásítì bá jókòó, tí oníkálùkù ń sọ ibi tó fẹ́ràn jù láti kàwé nígbà náà, òórùn yẹn ló máa ń kọ́kọ́ kọ lù mí nímú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á dárúkọ láíbúrárì, wọ́n á dárúkọ abẹ́ igi tó wà níwájú ilé-ẹ̀kọ́ àwọn onísáyẹ́ǹsì. Èmi á ní pèpéle kòkó ni, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín, torí wọ́n rò pé mo tún ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀fẹ̀ mi.

Ilé wa ní Aramọkọ ni mo ti ń lọ sí kíláàsì, torí kò jìnnà púpọ̀ sí Adó tí ọkọ̀ bá tètè kún. Pèpéle sìmẹ́ńtì náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, lábẹ́ oòrùn gbalasa, àfi igun kan tí òjìji igi ọsàn máa ń bà láàárọ̀. Bàbá mi á da kòkó sí i, á gbé àga rẹ̀ sábẹ́ igi ọsàn, èmi á bọ́ bàtà, n óò mú ìwé lọ́wọ́, n óò máa wọ́ ẹsẹ̀ lọ wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ nínú kòkó kó lè yí, kó lè gbẹ dọ́gba. Sókè ni mo gbọ́dọ̀ kà á. Bàbá mi ló pàṣẹ bẹ́ẹ̀, ó ní kí òun lè mọ̀ pé mi ò sùn. Òun gan-an ló máa ń sùn. Á ti máa hanrun tó bá di àárín ojú ìwé kejì, àmọ́ tí ẹsẹ̀ mi bá ti dúró pẹ́nrẹ́n, bóyá torí pé mo bá gbólóhùn kan pàdé tí kò yé mi, ohùn rẹ̀ á jáde láti inú oorun náà:

"Ẹsẹ̀ dà?"

Mo ka odindi ẹ̀kọ́ ètò ọrọ̀-ajé lórí kòkó bẹ́ẹ̀. Kóòsì kan ṣoṣo ló fìdí mi jálẹ̀, èyí tí wọ́n fi ìṣirò dí lẹ́nu bíi pé olùkọ́ náà kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé. Mo ní láti tún un ṣe lọ́dún àṣekágbá, tí mo bá sì tún pòfo, kò ní sí jíjáde. Bàbá mi ti dúró ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi ìdúpẹ́ àwọn ẹlòmíì, ó ti kéde pé ọmọ òun ti gboyè tán. Ó ní ìdánwò ló kù, bí ìgbà tí èèyàn ń sọ pé iyọ̀ ló kù nínú ọbẹ̀.

Nígbà tí òjò ọdún yẹn bẹ̀rẹ̀, ó sùn lálẹ́ ọjọ́ kan, kò jí. Mi ò sunkún. Mo rántí pé mo lọ gbé àga rẹ̀ kúrò lábẹ́ igi ọsàn kí òjò má bàa pa á, mo sì dúró sínú ilé tí mò ń wo omi tó ń ṣàn lórí pèpéle.

Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ wa. Òkú kì í tètè délé, ilé ló máa ń kọ́kọ́ múra. Àbúrò bàbá mi tó ń gbé Èkó, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Èkó, wọlé, ó gbójú sókè, ó wo àjà, ó sì mi orí.

"Ṣé inú ilé yìí lẹ fẹ́ kí n kó àwọn èèyàn mi wá?"

"Kí ló ṣe ulé náà?" ìyá mi bi í. "Inú ẹ̀ kọ́ lẹ dàgbà sí ni?"

Bàbá Èkó ti ń pe káfíńtà lórí fóònù. Bàbá mi wà ní mọ́ṣúárì jálẹ̀ òjò, wọ́n ń kan sílìn tuntun, wọ́n ń kun ọ̀dà, wọ́n ń gbé ilẹ̀kùn onírin kọ́ sí ilé tí ẹni tó ni ín kò ní í gba ẹnu rẹ̀ wọlé mọ́. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ fẹ́ parí ni Bàbá Èkó wá na ọwọ́ sí pèpéle. Ibẹ̀ ni ibojì máa wà, ó ní, kí àlejò lè rí i láti títì.

Mo sọ fún un pé ìdánwò mi ti sún mọ́lé. "Ibẹ̀ ni mo ti ń kàwé, sà."

Ó wò mí tàánú-tàánú. "Orí kòkó? Yunifásítì yín ò ní láíbúrárì ni?"

Bíríkìlà tó dúró tì í rẹ́rìn-ín, torí ẹni tó gbéṣẹ́ fún un ló dá àpárá. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti fi òòlù fọ́ pèpéle.

Mo lọ sí láíbúrárì lóòótọ́. Àwọn tó gba àga ibẹ̀ wá ya fọ́tò ni; wọ́n á ṣí ìwé tó nípọn jù, wọ́n á fi ọwọ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́, iná kámẹ́rà á tan, wọ́n á pa ìwé dé. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ìyá tó ń gbá ilẹ̀ ibẹ̀ gbọ́ pé ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n yí mi ká, wọ́n gbàdúrà àṣeyọrí lé mi lórí títí mi ò fi ráyè ka ohun tí wọ́n ní kí n yege nínú rẹ̀. Kò sí ibi tí ìwé náà ti wọlé. Ojú mi ń rí i, ẹnu mi ń pè é, ibẹ̀ ló ń parí sí.

A sin bàbá mi. Táìlì dúdú tó ń dán ni wọ́n fi bo ibojì náà látòkè délẹ̀, irú èyí tí ẹ ó rí ní ilẹ̀ báńkì. Bàbá Èkó ya fọ́tò rẹ̀ ju bó ṣe wo pósí lọ. Wọ́n tú kánópì, wọ́n kó àga tí wọ́n háyà lọ, àwọn èèyàn Èkó padà sí Èkó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo mú ìwé mi, mo lọ jókòó sórí ibojì. Kì í ṣe ìfẹ́, ẹ má ṣì mí gbọ́. Òjìji igi ọsàn ṣì ń ba ibẹ̀, kò sì sí ibòmíì.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni jókòó jẹ́ẹ́ sórí ibojì ní Aramọkọ, ọ̀rọ̀ ti délẹ̀ nìyẹn. Obìnrin tó ń ránṣọ ní òdìkejì títì dúró, ó ń gbọn orí: "Ọmọ yìí mà fẹ́ràn bàbá ẹ̀ o." Pásítọ̀ wa dé, ó rọra jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ọmọ mi, má jẹ́ kí ìbànújẹ́ borí ẹ."

"Ìdánwò ni, sà."

"Ìdánwò ni lóòótọ́," ó ní, ó sì di ọwọ́ mi mú. "Gbogbo wa là ń dojú kọ ìdánwò." Ìyá mi ló yọrí láti inú ilé ìdáná, tó ní kí Pásítọ̀ jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun fún wọn lómi mu nínú ilé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni kòkó àkọ́kọ́ dé láti oko lẹ́yìn ikú bàbá mi. Ó ti kan tán nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, sísá ló kù, kò sì sí pèpéle. Ìyá mi gbé agbọ̀n náà jáde, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wò mí.

"Dìde díẹ̀."

Mo dìde. Ó da kòkó sórí táìlì dúdú, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ títí ó fi kan etí ibojì. Ó ní oòrùn máa tètè mú un níbẹ̀, ilẹ̀ dúdú ni.

Ẹnì kan ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Èkó. Kò pẹ́ tí Bàbá Èkó fi pè, ohùn rẹ̀ ń jáde látinú fóònù débi pé àwọn ewúrẹ́ gbójú sókè. "Ẹ ń sá kòkó sórí ẹ̀gbọ́n mi!"

"Ibi tó máa ń sá a sí náà ni," ìyá mi dá a lóhùn, ó sì padà sídìí iná rẹ̀.

Mo bọ́ bàtà. Mo ṣí ìwé ìṣirò náà síbi tó ti máa ń lé mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀ lórí bàbá mi, lọ, bọ̀, mò ń kà á sókè. Ó wọlé. Kò wọlé bí ìmọ́lẹ̀, kò sí ìdùnnú kankan níbẹ̀. Ó kàn wọlé ni, bí ẹni tó ti ń kan ilẹ̀kùn tipẹ́. Nígbà tí mo dé gbólóhùn kan tó le, ẹsẹ̀ mi dúró. Mo gbójú sókè, mo ń retí. Obìnrin aránṣọ ń tẹ ẹ̀rọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bèèrè ẹsẹ̀. Mo wá tún gbé ẹsẹ̀.

Mo yege nínú kóòsì náà. Bàbá Èkó sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé òun ló kọ́ ibi tí mo ti kàwé, mi ò sì já a nírọ́, torí òótọ́ ni. Láti ìgbà náà, mo ti kàwé nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù wà, lórí àga tó ń yí. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń bi mí ohun tí mò ń fi ẹsẹ̀ wá lábẹ́ tábìlì, mo máa ń sọ pé iṣan ni. Títí di òní, mi ò tíì sunkún bàbá mi. Mo rò pé ẹsẹ̀ mi ló ń bá mi sun ún, díẹ̀díẹ̀, ojú ìwé kan tẹ̀lé òmíràn.