Orúkọ Kẹwàá

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹfà, ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ kọjá ìṣẹ́jú méje, ni mo kọ́kọ́ fojú kan ọkùnrin tí gbogbo ìlú ń pè ní Tíṣà Oníbọn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá fáìlì tí mo ń tọ́jú ní ilé-ìwé, àmì-ẹ̀yẹ mẹ́ta láyà rẹ̀, fìlà ológun lábíyá.

“Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ bá mi wo fáìlì ọdún tí ogun bẹ̀rẹ̀.”

“Ọ̀gá ilé-ìwé ní a kò gbọdọ̀ fi han ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé òun buwọ́ lù ú, sà.”

“Ọ̀gá yín ló kọ́ mi bí a ti ń to fáìlì. Mo mọ̀ pé kì í ju ìwé nù.”

Ó jókòó, ó sì sọ ìdí ọ̀rọ̀ fún mi.

Ọdún mẹ́jọ ló fi ṣe olùkọ́ kíláàsì kẹfà ní ilé-ìwé wa. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, tí ìyá wọn fi lé e lọ́wọ́ kí ó tó kú, jókòó nínú kíláàsì náà. Nígbà tí ogun dé, ìjọba ní kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ ọmọkùnrin mẹ́wàá tó dàgbà jù ránṣẹ́. Àbúrò yìí kò sí lára wọn. Ṣùgbọ́n Tíṣà rìnrìn àjò ọ̀sẹ̀ kan láti lọ máàkì ìwé ìdánwò, ìgbà tó dé, wọ́n ti mú ọmọ náà lọ sógun, àga rẹ̀ ti ṣófo.

“Kádàrá ni, ọmọ mi,” ni ọ̀gá ilé-ìwé wí. “Ta ló lè bá a jà?”

Oṣù kejì tí wọ́n mú un lọ ni lẹ́tà ikú rẹ̀ dé. Tíṣà nu pátákó, ó ti kọ́bọ́ọ̀dù, ó dá kọ́kọ́rọ́ padà, ó sì wọ iṣẹ́ ológun lọ́jọ́ náà gan-an.

Kò yí ìwà padà lójú ogun. Láràárọ̀ ló ń pe orúkọ àwọn ọmọ-ogun rẹ̀, pẹ́ńsùlù lọ́wọ́. Wọn a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́: “Tíṣà, ṣé ká na ọwọ́ sókè ká tó yìnbọn ni?” Ẹni tí kò bá dáhùn, yóò lọ wá a. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló padà sọdá odò lábẹ́ ìbọn nítorí ẹni tí kò dáhùn. Ìyẹn ló bí àmì-ẹ̀yẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní ọdún kẹrin, wọ́n gbé e sí ọ́fíìsì tí ìwé ìgbanisíṣẹ́ ológun wà. Ibẹ̀ ló ti rí ìwé tí ilé-ìwé wa fi ránṣẹ́. Wọ́n ti fi abẹ ha ìlà kẹwàá, wọ́n sì kọ orúkọ àbúrò rẹ̀ lé e. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́jọ mú àwọn ọmọ tó ń ha máàkì, ta ni yóò fi abẹ tàn án? Ṣùgbọ́n orúkọ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ṣeé kà mọ́. Ohun kan ló rántí: ọ̀gá kì í kọ lẹ́tà kankan láìfi pépà kábọ̀n sábẹ́ rẹ̀ láti fi ṣe ẹ̀dà.

Mo gbé fáìlì wá. Ẹ̀dà kábọ̀n wà níbẹ̀. Ọ̀gá ti gbàgbé rẹ̀, abẹ kò kàn án. Orúkọ kẹwàá ni ti ọmọ ọ̀gá fúnra rẹ̀, ẹni tó jẹ́ olùkọ́ kíláàsì kẹfà báyìí.

Ó rọra pa fáìlì dé. “Ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò yẹ́ mi sí ní gbọ̀ngàn. Ẹ bá mi gbé e wá.”

Mo gbé e lọ.

“Ọwọ́ mi yìí ni mo fi tọ́ akọni yìí dàgbà!” ni ọ̀gá kígbe, wọ́n pàtẹ́wọ́. Tíṣà kò sọ̀rọ̀ ìdúpẹ́. “Ẹ jẹ́ ká pe orúkọ,” ni ó wí. Ó pe mẹ́sàn-án. Òbí ló dáhùn “Kò sí” fún mẹ́jọ, ẹni kẹsàn-án, tó ti ogun dé, sì gbé ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ sókè. Bó ti pe ìkẹwàá, olùkọ́ kan fò dìde láàárín èrò, ẹfun lápá aṣọ:

“Mo wà, sà!”

Nígbà náà ni Tíṣà fa ìwé tí wọ́n fi abẹ ha, èyí tó mú wá láti ọ́fíìsì ológun, yọ lápò, ó sì ka ìlà kẹwàá tirẹ̀: orúkọ àbúrò rẹ̀. Ìyá àgbà kan dìde lẹ́yìn: “Ọ̀gá, ṣé ewúrẹ́ ni ọmọ tiwa ni?”

Nínú ọ́fíìsì, ọ̀gá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ọmọ rẹ̀ kọjú sí ògiri. Ọ̀gá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má gbé òun lọ sẹ́wọ̀n. Tíṣà dá a lóhùn:

“Ẹ dìde, sà. Ẹ̀wọ̀n á fi yín pamọ́ kúrò lójú ayé, èmi ò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló kù tí ẹ ó fi fẹ̀yìn tì. Láràárọ̀, níwájú gbogbo ọmọ ilé-ìwé, ẹ ó máa pe orúkọ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Bí ẹ bá dé ìkẹwàá, ẹ pe àbúrò mi, kí ọmọ yín dáhùn pé kò sí. Ilé mi ò jìnnà síbí. Màá máa gbọ́.”