Ọ̀gá Ilẹ̀kùn Níbi Ìbò Àwọn Awakọ̀ Akẹ́rù

Àpá kan wà lókè ojú òsì àbúrò mi obìnrin. Àga ló ṣe é. Kì í ṣe pé ó ṣubú lu àga o, àga ló fò wá bá a, níbi tí wọ́n ti ń fún àwọn agbábọ́ọ̀lù ní ẹ̀bùn. Aṣọ́lé kan tí wọn ò pe orúkọ rẹ̀ ló bínú dìde, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ju ohun gbogbo tí ọwọ́ rẹ̀ bà. Nọ́ọ̀sì rán ojú ọgbẹ́ náà fún un ní yàrá ẹ̀yìn ìtàgé, àbúrò mi so aṣọ mọ́ orí, ó sì padà lọ parí ètò. Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Káfíńtà ni mí, èmi ni mo sì máa ń kan ìtàgé fún un. Mo sọ fún un lọ́jọ́ náà pé kó lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe, pé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi àga luni kì í ṣe iṣẹ́ ọmọlúwàbí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti gbọ́. Ẹ bá mi wo ẹsẹ̀ ìtàgé yẹn, ó ń mì."

Bí ẹgbẹ́ tàbí iléeṣẹ́ kan bá fẹ́ ṣe àpérò tàbí ìpàdé ọdọọdún, òun ni wọ́n ń pè. Òun ló ń wá gbọ̀ngàn, òun ló ń to àga, òun ló ń pe oníná àti ẹlẹ́rọ ohùn, òun náà ló ń bá ẹni tó ni jẹnẹrétọ̀ jà. Ọ̀gá Ilẹ̀kùn ni gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n sí. Bó bá wọ gbọ̀ngàn, kì í wo òdòdó, kì í wo kọ́tìnì. Ó máa lọ fi èjìká gbá ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan ni. Èyí tí kò bá ṣí, ìjà dé nìyẹn láàárín òun àti ẹni tó ń ṣọ́ gbọ̀ngàn. Gbogbo àgádágodo tó bá bá lẹ́nu ilẹ̀kùn, á gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, á ṣí i, á jù ú sínú àpò aláwọ kan, á sì gbé àpò náà kọ́ èjìká títí àlejò tó gbẹ̀yìn á fi lọ sílé. Àpò náà wúwo débi pé èjìká rẹ̀ kan rẹlẹ̀ ju èkejì lọ.

Àwọn tó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ náà máa ń wá bi í pé báwo làá ṣe ṣètò àpéjọ tó gún régé. Wọ́n á rò pé ọ̀rọ̀ àsíá àti àwọ̀ aṣọ tábìlì ni yóò sọ.

"Kò sí àpéjọ tí ìjà ò sí nínú ẹ̀," ni yóò wí. "Ó kàn jókòó jẹ́ẹ́ ni. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tó jókòó sí, kẹ́ ẹ tó wá ibi tí alága máa jókòó."

Nítorí èyí ló ṣe máa ń fi okùn so àga mọ́ra wọn, kí ẹnikẹ́ni má lè dá ọ̀kan gbé sókè. Kì í gba ìgò láàyè nínú gbọ̀ngàn, ike ni kí wọ́n fi mu omi. Bí ariwo bá bẹ̀rẹ̀, kò ní jẹ́ kí wọ́n pa iná, kò sì ní jẹ́ kí ẹlẹ́rọ ohùn pa ohùn, torí ó ní èèyàn tí kò ríran tí kò sì gbọ́rọ̀ ti di ẹranko. Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ náà kò gbẹ́yìn o. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí olùsọ̀rọ̀ pàtàkì kan di ọmọbìnrin tó ń fi àga han àlejò mú lọ́rùn, nítorí pé ọmọ náà ní kó sún sẹ́yìn díẹ̀. Àbúrò mi gbá ọkùnrin náà létí, abẹ́ tábìlì la ti lọ ṣa dígí ojú rẹ̀. Ó sì tún ní kó lọ sọ̀rọ̀ tó wá sọ, torí àsìkò ń lọ.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin. Ohùn ọmọ náà balẹ̀, bó bá ń ka ìkéde, ẹni tó ń sùn á jí láìbínú. Ìyá rẹ̀ fi ṣe atọ́kùn ètò. Ìyá á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́tìnì, ọmọ á dúró níwájú èrò, ẹ̀rọ kékeré kan á sì wà létí ọmọ tí ìyá ń gbà bá a sọ̀rọ̀. "Yára díẹ̀." "Tún orúkọ yẹn pè." "Rẹ́rìn-ín músẹ́." Bí wọ́n bá délé, wọ́n á máa bára wọn fa ọ̀rọ̀ lórí abọ́ tí ẹnikẹ́ni ò fọ̀, bíi ti gbogbo ìyá àti ọmọ. Lórí ìtàgé, ohun tí ìyá bá wí ni ọmọ ń ṣe, kì í tiẹ̀ wẹ̀yìn wò.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ akẹ́rù ṣe wá pe àbúrò mi pé kó ṣètò ìpàdé tí wọn yóò ti dìbò yan alága. Alága wọn ti pẹ́ lórí oyè, kò sì fẹ́ lọ. Akọ̀wé ẹgbẹ́ fẹ́ gba ipò náà. Lọ́sẹ̀ ìbò gan-an, àwọn ọmọ ẹ̀yìn àwọn méjèèjì ti pàdé ní ibùdókọ̀, wọ́n ti fi irin tí wọ́n fi ń tú táyà lu ara wọn. Wọ́n fọ́ àgbọ̀n ẹnì kan, wọ́n fi epo gbígbóná jó ẹlòmíràn lẹ́yìn. Mo bẹ àbúrò mi pé kó má gba iṣẹ́ náà.

"Ìpàdé tí kò ní ìjà, ta ni ò lè ṣe é?" ló dá mi lóhùn.

Ètò tó ṣe dára, kí n má parọ́. Àwọn ti Alága gba ilẹ̀kùn òsì wọlé, wọ́n jókòó lápá òsì. Àwọn ti Akọ̀wé gba ọ̀tún, wọ́n jókòó lọ́tùn-ún. Àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹ gbogbo wọn lára wò lẹ́nu ọ̀nà. Bí wọ́n ṣe ń dìbò nínú ẹgbẹ́ wọn ni pé oníkálukú á lọ tò sẹ́yìn ẹni tó fẹ́, wọn á sì ka orí. Nítorí náà, Alága máa dúró níwájú lápá òsì, Akọ̀wé lápá ọ̀tún, ẹnikẹ́ni ò ní sọdá, bí wọ́n bá sì parí, kálukú á gba ilẹ̀kùn rẹ̀ jáde. Ilẹ̀kùn ńlá tí a ń gbà kó ẹrù wọlé wà lẹ́yìn ìtàgé. Èyí nìkan la fi ọ̀pá irin há, nítorí àwọn jàǹdùkú tó ń rìn kiri lẹ́yìn ilé.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí ìbò bẹ̀rẹ̀, ayàwòrán Alága lọ sọ̀rọ̀ sí i létí. Ó ní apá òsì ṣókùnkùn, pé ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé apá ọ̀tún ló máa mú ojú rẹ̀ dán nínú fọ́tò. Ni Alága bá dìde, ó gba apá ọ̀tún lọ, ó ní ibẹ̀ ni òun máa dúró. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ó ní kó máa mú un, ó sì lọ dúró lápá òsì. Àbúrò mi sáré jáde láti ẹ̀yìn kọ́tìnì.

"Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà síbi tẹ́ ẹ wà. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, èèyàn kì í sá gba ilẹ̀kùn tó sún mọ́ ọn. Ilẹ̀kùn tó gbà wọlé ló máa sá gbà. Àárín àwọn tó kórìíra wọn lẹ fẹ́ kí àwọn èèyàn yín gbà kọjá yẹn."

"Ìwọ obìnrin yìí, ta ló gba ẹnì kejì síṣẹ́?" Alága ò tiẹ̀ wo ojú rẹ̀, ó ń tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. "Wọ́n ní o fẹ́ràn ilẹ̀kùn. Lọ dúró ti ilẹ̀kùn rẹ."

Àwọn èèyàn rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá tún tú okùn àga, wọ́n ń tì wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kí àyè lè gba ìlà. Àbúrò mi kẹ̀yìn sí wọn. Ó wá bá mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dúró ti ọ̀pá irin ẹ̀yìn yẹn. Ẹ má kúrò níbẹ̀."

Ẹni tó ń ka orí ò tíì ka ìlà Akọ̀wé tán tí gbogbo ojú ti rí i pé ìlà náà gùn ju ti Alága lọ. Ọmọ ẹ̀yìn Alága kan já jáde láti inú ìlà, ó fi orí kan ẹni tó ń kà nímú. Mo gbọ́ bí egungun imú ṣe fọ́ láti ibi tí mo dúró sí. Lójú ẹsẹ̀, àga ti ń fò. Wọ́n fi ẹsẹ̀ àga gún ọkùnrin kan lẹ́nu. Wọ́n dá awakọ̀ àgbàlagbà kan dùbúlẹ̀, wọ́n ń fi bàtà tẹ̀ ẹ́ láyà títí tí kò fi gbé ọwọ́ sókè mọ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tí a háyà ló kọ́kọ́ sá lọ. Ohun tí àbúrò mi sọ ló sì ṣẹlẹ̀: àwọn ti Alága kọrí sí ilẹ̀kùn òsì, àwọn ti Akọ̀wé kọrí sí ọ̀tún, wọ́n pàdé láàárín bí ọkọ̀ méjì tí bíréèkì wọn já. Ẹni tó ń sá kò yàtọ̀ sí ẹni tó ń lù ú mọ́. Ẹni tó bá ṣubú, orí rẹ̀ ni wọ́n ń gbà kọjá.

Ọmọ náà wà lórí ìtàgé, ó di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú. Ó fẹ́ sá wá sọ́dọ̀ mi. Mo gbọ́ tí ìyá rẹ̀ sọ sínú ẹ̀rọ pé, "Dúró níbẹ̀. Sọ fún wọn pé ilẹ̀kùn wà lẹ́yìn ìtàgé. Máa sọ ọ́. O ò gbọdọ̀ dákẹ́ títí n ó fi ní kó o dákẹ́." Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ ṣí i!"

Mo gbé ọ̀pá irin sọnù, mo fi gbogbo ara ti ilẹ̀kùn náà, ìmọ́lẹ̀ ìta wọlé yàà.

"Ilẹ̀kùn wà níbí o," ni ọmọ náà ń wí, ohùn rẹ̀ balẹ̀ bí ẹni ń pe àlejò wá jẹun. "Ẹ máa bọ̀ lórí ìtàgé. Ẹ má ti ara yín. Ilẹ̀kùn wà níbí."

Ẹnì kan gbójú sókè, ẹlòmíràn tẹ̀ lé e, kò pẹ́ tí gbogbo gbọ̀ngàn fi yíjú sọ́dọ̀ wa. Wọ́n ń gun ìtàgé bọ̀. Mo ń fa èèyàn jáde lọ́wọ́, lẹ́wù, nírun. Ẹ̀jẹ̀ ń yọ̀ mí lẹ́sẹ̀ lórí pákó tí mo fi ọwọ́ ara mi fá. Ọmọ ẹ̀yìn Alága kan rí i pé àwọn ọ̀tá rẹ̀ ń bọ́ lọ, ó gbé irin àga, ó fẹ́ lé wọn gba ẹ̀yìn. Àbúrò mi dí i lọ́nà. Ọkùnrin náà fi irin gbá a lágbọ̀n, ẹ̀rọ tó fi ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ fọ́, òun náà ṣubú. Ó dìde, ó fi àpò àgádágodo gbá ọkùnrin náà lójú, eyín àti ẹ̀jẹ̀ tú sórí kọ́tìnì. Mi ò káàánú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà náà, èrò ti pọ̀ ju ohun tí ìtàgé lè gbà lọ. Wọ́n gbé tábìlì ìsọ̀rọ̀ ṣubú, ọmọ náà bá a lọ. Mo rí ìyá rẹ̀ tó ń ya ẹnu sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò sí ohùn tó ń jáde. Èmi náà fẹ́ wọ àárín èrò lọ gbé e, wọ́n ń tì mí padà sẹ́yìn. Ohùn ọmọ náà ṣì ń jáde látinú ẹ̀rọ ńláńlá ẹ̀gbẹ́ ògiri. "Ilẹ̀kùn wà níbí o. Ẹ má ti ara yín." Abẹ́ ẹsẹ̀ wọn ló ti ń sọ ọ́. Bí ẹnì kan bá tẹ̀ ẹ́, ohùn náà á ké, á dúró díẹ̀, á sì tún bẹ̀rẹ̀. Títí mo fi kú, mi ò ní gbàgbé rẹ̀.

Nígbà tí ìtàgé ṣófo, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ti rún wómúwómú. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n sọ fún wa pé ọ̀pọ̀ ló fara gbọgbẹ́ ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kú, àní awakọ̀ àgbàlagbà yẹn náà wà láàyè. Wọ́n tún sọ fún wa pé Alága gba ojú fèrèsé sá lọ. Wọ́n gé ẹsẹ̀ ọmọ náà lábẹ́ orúnkún.

Wọ́n fi báńdéèjì di àgbọ̀n ìyá rẹ̀ mọ́ orí, dókítà ní kò gbọdọ̀ ya ẹnu rárá kí egungun má baà tún yẹ̀. Ó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀, ó ń wò ó. Ọmọ náà kò sunkún, kò bèèrè ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí nọ́ọ̀sì bá ti wọlé, bí ẹnikẹ́ni bá ti kọjá, yóò sọ pé, "Ilẹ̀kùn wà níbí o. Ẹ má ti ara yín." A rò pé ibà ni. Ibà lọ, kò dẹ́kun rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mi ò lè fara dà á mọ́.

"Ọmọ mi, kí ló dé tí o ò dákẹ́? Ó ti parí. Gbogbo wọn ti jáde."

Ó yíjú sí mi, ó dá mi lóhùn bí ẹni pé èmi ni mi ò gbọ́n. "Mọ́mì ò tíì ní kí n dákẹ́."

Àbúrò mi dìde. Ó fi ọwọ́ méjèèjì já báńdéèjì náà kúrò lágbọ̀n. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀, kò gbọ́. Ó tẹ̀ síwájú títí ẹnu rẹ̀ fi kan etí ọmọ náà, ó ya ẹnu tó fọ́ yẹn, itọ́ àti ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí ìrọ̀rí.

"Ó ti tó," ló wí. "Dákẹ́, ọmọ mi."

Ọmọ náà dákẹ́. Ó wo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ kó wà lábẹ́ aṣọ ìbora, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.