Ọjọ́ Tí Wọ́n Bí Àbúrò Mi

Bí ọjọ́ òní bá ti pé lọ́dọọdún, rédíò á fọn fèrè sójà, á sì ka àwọn ohun ńlá tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọn kì í ka tilé wa. Mi ò kàwé rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n tiwa ló tóbi jù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òórùn kòkó tó ń kan lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gba gbogbo àgbàlá. Ìyá mi ń rọbí. Fèrè ń dún lórí rédíò. Mo rò pé ọmọ tó ń bọ̀ ni wọ́n ń fọn ọ́n fún.

Bàbá gbé kẹ̀kẹ́, ó ń lọ mú agbẹ̀bí wá láti Ọ̀rẹ̀. Aládùúgbò wa dì í mú.

"Ẹ má lọ o! Sójà ti gba ìjọba, wọ́n ní ká má jáde!"

"Ṣé sójà ni yóò gbẹ̀bí ìyàwó mi?"

Ó gbé agbẹ̀bí dé, ẹ̀wù Bàbá ti ya lẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kẹ̀kẹ́ ló gbé òun ṣubú. Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ kì í fi àpá bàtà sí ẹ̀yìn ènìyàn.

Àwọn sójà yẹn ti kógbá lọ. Àbúrò mi nìyẹn lẹ́yìn ilé, tó ń sá kòkó. Kí rédíò wá ka ìyẹn!