Ìpénpéjú Àlẹ̀mọ́ àti Omi Oníyọ̀

Ní àárín àwọn ọdún 1990, wọ́n gbé mi kúrò ní Àkànrán lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìyànà Ọ̀fà. Mi ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Mo gba yàrá kan lẹ́yìn ọjà. Níbi iṣẹ́, ìdí tábìlì tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n fi mí sí. Àwọn èèyàn á wọlé, wọn á wò yíká, wọn á ní, "Ṣé kò sẹ́ni níbí ni?" Èmi rèé tí mo jókòó! Bí mo bá dáhùn, wọn á ta gìrì bí ẹni tí àga bá sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, mi ò dáhùn mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rí mi kó wá mi. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí gan-an. Ìgbà mìíràn wà tí mo máa délé lọ́jọ́ Jímọ̀, tí mi ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi tí mo bá lọ sí ìjọ.

Ọ̀dọ̀ onídìrí kan létí ọjà ni mo ti rí ìpénpéjú àlẹ̀mọ́. Inú páálí kékeré kan ló wà, irun dúdú tín-ín-rín tó tẹ̀ kọrọdọ. Onídìrí náà ní ojú mi ti kéré jù, pé ó yẹ kí n ràn án lọ́wọ́. Ẹnu rẹ̀ mú, àmọ́ kò parọ́. Gúlúù dúdú tó fi ń lẹ irun mọ́ àwọn oníbàárà lórí náà ló fi lẹ̀ ẹ́ fún mi. Ó ta mí lójú, omi ń dà. Ó ní kò séwu, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Kí n má purọ́, nǹkan náà ṣe mí lóore. Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin tó ń pín fáìlì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Àǹtí, ojú yín mà dára o!" Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ní oríta bi mí léèrè ibi tí mò ń gbé. Kò sẹ́ni tó tún bèèrè bóyá èèyàn wà níbẹ̀. Torí náà, mi ò fẹ́ yọ ọ́ rárá, mo tiẹ̀ ń fi í sùn. Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni mò ń fà á yọ, nítorí a kì í kun ojú wọ aṣọ funfun nínú ìjọ wa. Bí mo bá ti ń fà á ni irun tèmi ń bá a jáde. Tó bá di ọjọ́ Ajé, mo tún lẹ̀ ẹ́ padà.

Kò pẹ́ tí ojú ọ̀tún fi wú. Ó pọ́n, ó ń ṣepin, mi ò lè là á. Bẹ́ẹ̀ ni mo gbé e lọ sí ìjọ. Wòlíì wa wọ inú ẹ̀mí, wọ́n ní, "Mo rí ìyẹ́ ẹyẹ dúdú kan tó lẹ̀ mọ́ arábìnrin yìí lójú!" Gbogbo ìjọ pariwo, "Jésù!" Wọ́n wọ́n omi àdúrà sí mi lára títí aṣọ mi fi rin gbindin. Àjẹ́ ni wọ́n ń bá jà. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé onídìrí ló ni ẹyẹ náà.

Láti ọjọ́ yẹn ni Ìyá Ìjọ, ìyá àgbà kan tí ọkọ wọn ti kú, ti ń wá sí yàrá mi ní ìrọ̀lẹ́. Wọn á gbé omi kaná lórí sítóòfù mi, wọn á bu iyọ̀ díẹ̀ sí i. Wọn á gbé orí mi lé itan, wọn á máa fi òwú nu ojú mi, wọn á máa kọrin lábẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan, òwú náà fa irun àlẹ̀mọ́ kan jáde. Wọ́n gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ iná.

"Kí lèyí?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ìdí ilẹ̀kùn mú. "Háà! Ìyẹ́ ẹyẹ náà rèé o! Wòlíì mà ríran!"

Àwọn fúnra wọn ló mú mi lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì fún mi lóògùn, ó ní gúlúù yẹn kò yẹ kó dé ẹ̀bá ojú rárá, pé bí mo bá tún lò ó, ojú náà lè fọ́. Ìyá Ìjọ kò torí ìyẹn dáwọ́ dúró, wọ́n ṣì ń wá. Láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Àkànrán, kò tíì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn mí bẹ́ẹ̀.

Ojú san. A dúpẹ́ nínú ìjọ, a jó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo gbé omi kaná, mo ṣílẹ̀kùn sílẹ̀. Ìyá Ìjọ ò wá. Kí ni wọ́n tún fẹ́ wá ṣe? Ara mi ti yá. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ẹnì kan yọjú lọ́fíìsì, ó ní, "Ṣé kò sẹ́ni níbí ni?"

Mo délé, mo mú páálí kékeré náà. Mo ṣí gúlúù, òórùn rẹ̀ gba yàrá kan. Mi ò ro ti ẹwà. Itan Ìyá Ìjọ ni mò ń rò: bí ojú mi bá tún wú, wọn á tún wá.

Mo dé e padà. Mo wọ bàtà, mo gba ilé wọn lọ. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti bá wọn.

"Ó ti tún bẹ̀rẹ̀ ni?"

"Rárá, mà. Kò dùn mí."

"Kí ló wá ń ṣe ọ́, ọmọ mi?"

Mo gbé ojú ọ̀tún náà sún mọ́ wọn. Mo ní, "Ẹ ṣáà bá mi wò ó, mà."

Wọ́n fà mí síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, wọ́n fi àtàǹpàkò gbé ìpénpéjú mi sókè, wọ́n wò ó dáadáa. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n tún wò mí fún ìgbà díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, wọ́n wọlé lọ gbé omi kaná.