Apá Tó Ti Tọ́ Gbogbo Ìpara Wò

Bí oníbàárà bá wọ ṣọ́ọ̀bù náà, kì í ṣe dígí ńlá ara ògiri ló ń kọ́kọ́ rí, kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀dì tóóró tí wọ́n ń sùn sí kí wọ́n tó tọ́jú ojú wọn. Apá òsì ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ló ń kọ́kọ́ rí. Láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn-ọwọ́, ara apá náà kún fún àmì róbótó róbótó. Òmíràn pọ́n, òmíràn dúdú ju ara yòókù lọ. Obìnrin náà kò fi aṣọ bò ó rí. Ibẹ̀ ló ti ń dán gbogbo ohun tó bá pò wò. Ohun tí apá òun kò bá gbà, ojú ọmọ ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Òfin rẹ̀ nìyẹn, òun náà ló sì mú kí wọ́n máa pè é ní Àǹtí Tọ́-ọ-wò.

Yàrá ẹ̀yìn ilé ìyá rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú abọ́ kan àti àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá ti lè po ìpara nínú ike ti di oníṣẹ́ ojú, táwẹ̀lì kan náà ni wọ́n sì fi ń nu ojú gbogbo ayé. Obìnrin yìí ní òun ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń se táwẹ̀lì rẹ̀ lórí iná. Ó ń wọ ibọ̀wọ́ rọ́bà. Ó ń bi ènìyàn léèrè ohun tó ń fi para nílé kí ó tó fọwọ́ kàn án. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ di ẹlẹ́yà.

"Ẹ wo dókítà! Ojú ni wọ́n ní kó o fọ̀, wọn ò ní kó o la ikùn ẹnikẹ́ni o!"

"Ẹni tó gbé ojú ẹ̀ lé mi lọ́wọ́," ló máa ń dá wọn lóhùn, "kí ló tún kù tí ò gbé fún mi?"

Àbúrò rẹ̀ ló bá a bẹ̀rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà. Ẹlẹ́rìn-ín ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ẹ̀gbọ́n kò mọ àwàdà í ṣe; àbúrò ló ń gba àlejò, tí í pa wọ́n lẹ́rìn-ín títí ẹ̀rù ibọ̀wọ́ rọ́bà á fi kúrò lára wọn. Nígbà tí wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí títì, wọ́n ní láti fi fọ́tò ẹnì kan sára pátákó ìta.

"Tìẹ la máa lò," ni ẹ̀gbọ́n wí.

"Àǹtí mi, ẹ̀yin lẹ ni ṣọ́ọ̀bù."

"Ojú tèmi yìí? Wọ́n á rò pé ilé ẹjọ́ ni."

Ẹlẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ẹ̀rín yẹn gan-an ni ayàwòrán ká mọ́ ọn lẹ́nu, òun ni wọ́n sì gbé kọ́ sókè ilẹ̀kùn.

Iṣẹ́ ń gbòòrò. Lọ́jọ́ kan ẹ̀gbọ́n po omi kan tí ń ká òkú awọ kúrò lójú, èyí tó mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó fi sí apá rẹ̀ bí ìṣe rẹ̀, ó sì dúró di ọjọ́ kejì. Apá kò pọ́n, kò ta, kò yún. Irorẹ́ ti fi àmì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́rìn-ín nígbà náà, inú rẹ̀ kò sì dùn sí i.

"Èmi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi ṣe, Àǹtí mi. Ojú pátákó ti ń dán ju ojú mi lọ."

Ó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀gbọ́n fi òwú pa á lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Àǹtí, ṣé ata lẹ gún síbẹ̀ ni?"

"Ó máa ń ta. Ní sùúrù."

Apá rẹ̀ ló gbọ́kàn lé. Ìgbà tí àwàdà dá lẹ́nu Ẹlẹ́rìn-ín ni ẹ̀gbọ́n tó fura. Ó gbé omi tútù, ó ń bù ú sí i, ó ń bù ú sí i. Nígbà tó fi táwẹ̀lì kàn án, awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan bá táwẹ̀lì wá.

Dókítà awọ ara wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà, ó tọ́jú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó di apá ẹ̀gbọ́n mú, ó tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Àǹtí, apá yìí ti jìyà jù. Ó ti yigbì. Kò sí ohun tẹ́ ẹ máa dà sí i tó máa sọ fún yín mọ́."

Bí ahọ́n alásè tí ata ti sọ di igi ni ó rí: ó ń bu ata sọ́bẹ̀, kò mọ̀ títí àwọn ọmọ fi bú sẹ́kún.

Láti ọjọ́ náà ni òfin ti yí padà. Ẹ̀yìn etí oníbàárà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń kán oògùn sí, á lọ sílé, á padà wá lọ́la. Awọ kálukú ni kó jẹ́rìí ara rẹ̀. Nígbà tí àwọn oníṣẹ́ ojú ṣe ìpàdé, ó dìde, ó na apá rẹ̀ sí wọn, ó sì sọ ohun tí apá náà ṣe. Àwọn tó ti ń pè é ní dókítà kò rẹ́rìn-ín. Àwọn náà gba òfin náà, wọ́n sì ń rán ọmọ iṣẹ́ wọn wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹlẹ́rìn-ín kò padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ń ránṣọ nílé, ó kẹ̀yìn sójú fèrèsé. Bí ẹ̀gbọ́n bá lọ, wọ́n á jọ jẹun, àwàdà á tilẹ̀ wáyé. Àmọ́ àpá gbalaja wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n sì ń fẹ́ láyé: kí òun fi ọwọ́ òun tún ohun tí ọwọ́ òun bàjẹ́ ṣe.

Ó po ìpara kan tó rọ̀ bí omi ọmú. Ó fún Ẹlẹ́rìn-ín ní kí ó fi sí ẹ̀yìn etí ara rẹ̀. Etí gbà á láìsí wàhálà. Ní ọjọ́ kejì, Ẹlẹ́rìn-ín jókòó, ó dijú.

"Ó yá, Àǹtí mi."

Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n sún mọ́ ọn, ojú yẹra. Wọ́n tún un ṣe, ojú tún yẹra. Ẹlẹ́rìn-ín di àga mú lọ́tùn-ún lósì, ó há eyín mọ́ra, síbẹ̀ orí rẹ̀ fà sẹ́yìn bí ìgbà tí èèyàn rí iná. Omijé jáde lábẹ́ ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Ẹ má bínú. Kì í ṣe èmi o. Ó ti pẹ́ tí mo ti dárí jì yín. Awọ ara mi ni ò gbọ́."

Ẹ̀gbọ́n dé ìpara náà. "Fi í sílẹ̀. Má fipá mú un."

Ó wá ní, "Màá yọ pátákó yẹn."

"Ẹ ò gbọdọ̀ yọ ọ́," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí. "Ibo lẹ fẹ́ kí n ti máa rí ara mi?"

Nítorí náà pátákó ṣì wà níbẹ̀. Láàárọ̀, kí àwọn ọmọ iṣẹ́ tó dé, Àǹtí Tọ́-ọ-wò á gbé àpótí síta, á gun orí rẹ̀, á fi aṣọ tútù nu eruku títì kúrò lójú àbúrò rẹ̀. Ó máa ń pẹ́ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ojú ara pátákó kì í yẹra fún un.