Ohun Tí Wọ́n Bá Nínú Àpò Ìtọ̀ Mi

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo rí pupa nínú ìtọ̀ mi, àwọ̀ aṣọ ni mo pè é. Aládìrẹ ni mí. Kò sí ibi tí àwọ̀ kì í ta sí lára mi. Mo da omi lé e, mo padà sídìí iṣẹ́. Ìgbà kejì, mo tún rò bẹ́ẹ̀. Ìgbà kẹta ni àyà mi já, torí aró nìkan la ń rẹ lọ́sẹ̀ yẹn. Kò sí pupa kankan nílé.

Lẹ́yìn náà ni ìrora dé. Ìtọ̀ á máa gbọ̀n mí bí ẹni pé kò ní ṣeé mú mọ́ra, ẹ̀kán díẹ̀ ni yóò jáde, ìparí rẹ̀ á sì ta mí bí ata.

Mo sọ fún ọkọ mi, Bàbá Dàmọ́lá. Ọkùnrin tó kàwé ni, ojoojúmọ́ ló ń ti Abẹ́òkúta lọ ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì l'Ékòó. Dípò kí ó mú mi lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wà l'Ódẹ̀dá ló pè lórí fóònù. Àǹtí Ṣadé kò kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, kò ta oògùn rí, ṣùgbọ́n kò sí àìsàn tí kò lè dá orúkọ fún. Ó dé lọ́jọ́ kejì, ó gbé ìgò àgbo kalẹ̀.

"Ìyàwó, àtọ̀sí ni. Ibi tó o ti kó o, ìwọ lo mọ̀."

Ọkọ mi gbà á gbọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti kó lọ sùn ní pálọ̀. Ó tún ya ife omi rẹ̀ sọ́tọ̀, bí ẹni pé inú ife ni wọ́n ti ń kó àtọ̀sí. Ọ̀mọ̀wé ni, ẹ má gbàgbé.

Mo mu àgbo náà, kí wọ́n má baà ní olóríkunkun ni mí. Ẹnu mi korò, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Mo lọ ṣe àyẹ̀wò l'Ókè-Ìlèwó, wọ́n ní kò sí àtọ̀sí lára mi, kòkòrò lásán ló wà nínú ìtọ̀. Mo lo oògùn tó ń pa kòkòrò, ara mi balẹ̀ díẹ̀, ó tún padà. Bàbá Dàmọ́lá wo èsì àyẹ̀wò náà, ó ní àwọn oníṣẹ́ àyẹ̀wò máa ń ṣàṣìṣe. Àǹtí Ṣadé nìkan ni kì í ṣàṣìṣe.

Ilé ìwòsàn ńlá ni mo bá lọ, èmi nìkan. Skáànù fi nǹkan funfun kan hàn nínú àpò ìtọ̀ mi. Dókítà ní ó lè jẹ́ òkúta, ó lè jẹ́ kókó tó ń hù, àfi kí wọ́n wo inú rẹ̀. Mo gbọ́ "kókó", jẹjẹrẹ ló sọ sí mi lọ́kàn. Mo wọ ilé ìtọ̀ wọn, mo sunkún, mo bọ́jú, mo jáde.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, ọkùnrin kan lórí bẹ́ǹṣì ń kọ́ gbogbo wa lẹ́kọ̀ọ́ ọ̀fẹ́: irin gbọọrọ ni wọ́n ń kì bọ̀ ọ́, obìnrin tí wọ́n bá ṣe é fún kò ní wúlò fún ọkọ mọ́. Mo bi ara mi léèrè: Ọkọ wo?

Kì í ṣe irin. Sístósíkópì ni wọ́n ń pè é: okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń tẹ̀, iná àti kámẹ́rà kékeré wà lórí rẹ̀. Wọ́n fi oògùn tó dà bí jẹ́lì mú ojú ibẹ̀ kú, wọ́n sì rọra tì í gba ihò tí ìtọ̀ ń gbà jáde. Ojú mi là sílẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó ta mí nígbà tó ń wọlé, ìtọ̀ sì gbọ̀n mí gidi nígbà tí wọ́n da omi sínú àpò náà kí ó lè fẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣeé fara dà.

Mo rí inú ara mi lójú ẹ̀rọ. Ó mọ́, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, fọ́nrán kan yọrí, òkúta tí kò ju ọkà bàbà lọ lẹ̀ mọ́ ọn.

"Mà, ṣé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún yín rí?" dókítà béèrè.

"Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, abẹ ni wọ́n fi gbé e."

"Ó jọ pé okùn tí wọ́n fi rán yín nígbà náà ló wọ inú ibí. Òun ló ń fa ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe jẹjẹrẹ."

Ó gba inú okùn kámẹ́rà yẹn kan náà fi nǹkan kékeré gé e, ó fà á jáde. Ọjọ́ méjì ni ìtọ̀ fi ta mí lẹ́yìn náà, ó pọ́n díẹ̀, mo sì ń mu omi gidi bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe. Bí ibà bá dé tàbí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò jáde, wọ́n ní kí n sáré padà wá. Kò sí èyí tó ṣẹlẹ̀.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ara mi. Òun nìkan ni kò purọ́ mọ́ mi. Ọmọ Bàbá Dàmọ́lá ni mo gba okùn yẹn fún, Bàbá Dàmọ́lá náà ló sì torí ẹ̀jẹ̀ tí okùn náà fà kà mí sí alágbèrè. Àǹtí Ṣadé gbé ọsàn wá, ó ní, "Ẹ kú ewu." Mo gba ọsàn.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ní òun fẹ́ padà wá sùn.

"Kò burú," ni mo wí. "Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò àtọ̀sí tiyín wá ná. Èmi ti ṣe tèmi."

Ó ṣì wà ní pálọ̀.